Ẹja Tó Ń Fún Ọmọ Lọ́mú

"Ẹ̀jẹ̀ aáyán, àwọ̀ wo ló ní?"

Láti inú èéfín ni ìbéèrè náà ti jáde. Àwa ọmọdé mẹ́fà tá a jókòó sórí búlọ́ọ̀kù lẹ́yìnkùlé bẹ̀rẹ̀ sí í wojú ara wa. Ẹnì kan ní pupa ni. Ìyá Ẹlẹ́ja ò tiẹ̀ gbójú sókè. Ó ń fi ẹyọ ìgbálẹ̀ gún ẹnu ẹja àrọ̀ mọ́ ìrù rẹ̀ kó lè ká bí òrùka, kó tó tò ó sórí àwọ̀n irin.

"Pupa, àbí? O ti pa aáyán rí ṣá. Ṣé pupa lo rí lábẹ́ sálúbàtà ẹ?"

A rẹ́rìn-ín títí. Ẹni tó bá ṣì í ló máa fẹ́ná. Ẹni tó bá gbà á ló máa jẹ ẹyin ẹja.

Ilé kan náà là ń gbé ní Ìgándò, yàrá tirẹ̀ kọjú sí tiwa. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni, etí ọ̀sà ló dàgbà sí, kò sì mọ̀wé kà. Rédíò ni olùkọ́ rẹ̀. Ó gbé e kọ́ ìṣó lára ògiri, èéfín ti sọ ọ́ dúdú bí ẹja yíyan. Bí ètò ìbéèrè bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wúkọ́. Òkè wo ló ga jù ní Áfíríkà? Okùn mélòó ló wà lára gìtá? Olú-ìlú Nàìjíríà, ibo ló wà kó tó di Àbújá? Ó mọ gbogbo rẹ̀ lórí. Ìyàwó lánlọ́ọ̀dù a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́, a ní, "Tíṣà aláìmọ̀wé!" Ìyá Ẹlẹ́ja a kàn yí ẹja sí òdìkejì.

Nígbà tí mo dé kíláàsì karùn-ún, wọ́n mú mi mọ́ àwọn tó máa ṣojú ilé-ìwé wa nínú ìdíje ìbéèrè pẹ̀lú ilé-ìwé kan láti Ẹ̀gbẹ́dá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni Ìyá Ẹlẹ́ja fi kọ́ mi.

"Ẹja wo ló tóbi jù nínú òkun?"

"Àbùùbùtán, mà."

"Má gbàgbé o. Tó bá ti di ti ẹja, kò sẹ́ni tó máa kọ́ mi."

Lọ́jọ́ náà, àmì wa dọ́gba títí ó fi ku ìbéèrè kan, èmi ló sì kàn. Ìyẹn gan-an ni wọ́n bi mí. N ò tiẹ̀ jẹ́ kí ọ̀gá tó ń bi wá ní ìbéèrè parí ọ̀rọ̀ tí mo fi pariwo, "Àbùùbùtán!"

Ó mi orí. Ó ní àbùùbùtán kì í ṣe ẹja. Ó ń fún ọmọ rẹ̀ lọ́mú, orí omi ló sì ti ń mí. Ọmọ Ẹ̀gbẹ́dá ló gbà á: irú àkurákudà kan tó ní àmì funfun kéékèèké lára. Bá a ṣe ń jáde, ọmọ kíláàsì mi kan ní, "Ẹ wo ọmọ Ìyá Ẹlẹ́ja tí ò mọ ẹja!"

Ìyẹn ò dùn mí tó ohun tí mo ń gbé lọ sílé. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún un pé ọ̀rọ̀ ẹja gan-an ló ṣì? Bí ìyàwó lánlọ́ọ̀dù bá gbọ́ ńkọ́?

Ó ti ń dúró dè mí lẹ́nu géètì. "Kí ni wọ́n bi yín?"

"Mo ti gbàgbé, mà."

"Ìwọ? Ìwọ tó o ṣì ń rántí ohun tí mo jẹ níjẹta? Sọ fún mi jàre." Ó fà mí mọ́ra, èéfín ń rùn lára aṣọ rẹ̀. Mo bú sẹ́kún, mo sì sọ gbogbo rẹ̀.

Ó fi etí ìró rẹ̀ nu ojú mi. "Ó ń fún ọmọ lọ́mú? Nínú omi níbẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wí, mà."

"Súbúhánálláhì! Báwo ni wàrà ò ṣe ń bá omi lọ?"

N ò mọ̀. Òun náà ò mọ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, àwọn ọmọdé ti pé, ìyàwó lánlọ́ọ̀dù sì ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá Ẹlẹ́ja fà mí dìde. "Ẹ gbọ́ o. Ọmọ yìí ò gbàgbé nǹkan kan. Ohun tí mo kọ́ ọ ló sọ. Èmi ni mo ṣì í." Ló bá mú abẹ̀bẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó ń fẹ́ná.

"Áà! Tíṣà fìdí rẹmi!" ni ìyàwó lánlọ́ọ̀dù wí.

"Mo fìdí rẹmi, ìyàwó. Ìwọ ńkọ́, ṣé o mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ ni?"

Ìyẹn padà sídìí ẹ̀wà rẹ̀. Ìyá Ẹlẹ́ja tọ́ka sí àpótí tó máa ń jókòó lé. "Jókòó síbẹ̀, kó o kọ́ wa." Mo jókòó, mo sì kọ́ wọn ní ìwọ̀nba tí mo gbọ́.

Ó ti pẹ́ tí Ìyá Ẹlẹ́ja ti kú kí n tó kà á níbì kan pé wàrà àbùùbùtán ki púpọ̀, kì í tètè pò mọ́ omi. Ó ṣe mí bíi kí n sáré lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀.

Èmi náà ti di ìyá ọmọ mẹ́ta báyìí. Ìgbà mìíràn wà tí mo máa sọ ohun kan fún wọn pẹ̀lú ìdánilójú, tí màá sì rí i lẹ́yìn náà pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ó máa ń wù mí kí n dákẹ́ kó kọjá lọ. Ṣùgbọ́n mo máa ń pè wọ́n jọ, màá ní, "Èmi ni mo ṣì í." Ọ̀rọ̀ náà ṣì ń wúwo lẹ́nu mi títí dòní, nínú pálọ̀ mi, níwájú ọmọ mẹ́ta péré. Gbogbo ilé ló ń wo Ìyá Ẹlẹ́ja lọ́jọ́ tí òun sọ ọ́.