Oúnjẹ Tí Mo Bá Ti Tọ́ Wò

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí nígbà tí wárápá kọ́kọ́ gbé mi ṣubú. Lọ́dún tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ná náírà, mo ti lé ní ogún ọdún, mo sì ń ránṣọ ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Olówógbowó. Ọ̀gá wa, ará Ìjẹ̀bú, mọ̀ pé mo ní in. Àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ náà mọ̀. Wọ́n gbà pé itọ́ ló ń gbé e kiri, nítorí náà ife tèmi dá yàtọ̀, kò sì sẹ́ni tó jẹ́ fẹnu kan ohun tí ẹnu mi bá ti kàn.

Ó kọ́kọ́ dùn mí. Nígbà tó yá, mo rí i pé èrè wà níbẹ̀. Bí ebi bá ń pa mí, tí ẹnì kan sì gbé ìrẹsì rẹ̀ sílẹ̀, mà á ní kó jẹ́ kí n kàn tọ́ ọ wò. Ṣíbí kan péré. Ó di tèmi nìyẹn. Ọ̀gá pàápàá fi odindi ẹja díndín sílẹ̀ fún mi lọ́jọ́ kan, wọ́n ní àwọn ti yó.

Ìgbà tí ọ̀gá gba obìnrin Ìjẹ̀ṣà kan, ẹgbẹ́ mi, láti máa gán bọ́tìnnì, ni nǹkan bà jẹ́. Ọjọ́ kejì tó dé ni mo tọ́ mọ́ínmọ́ín rẹ̀ wò. Ó gba ṣíbí lọ́wọ́ mi, ó ń jẹun rẹ̀ lọ. Mo rò pé wọn ò tíì sọ fún un ni, ni mo bá fẹnu ara mi sọ pé wárápá ń ṣe mí.

Ó wò mí. "Ṣé wárápá náà ló jẹ ìdajì mọ́ínmọ́ín mi?"

Àbúrò rẹ̀ ní in, abọ́ kan náà ni wọ́n sì ti ń jẹ láti kékeré. Ó wá bi mí bóyá mò ń lo oògùn. Wóró funfun méjì ni wọ́n ní kí n máa lò láràárọ̀, ṣùgbọ́n ó ń mú mi tòògbé lórí máṣíìnì. Mo ti rán apá òsì méjì sára ṣẹ́ẹ̀tì lọ́yà kan rí. Nítorí náà, bí iṣẹ́ bá ti pọ̀, mà á fò ó. Ó ní òmùgọ̀ ni mí.

Kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ tí mo fi ṣubú. Mò ń fẹ́ná sí áyọ́ọ̀nù elédùú ni mo mọ̀. Nígbà tí mo lajú, ẹ̀gbẹ́ ni mo fi lélẹ̀, aṣọ oníbàárà wà lábẹ́ orí mi, ṣọ́ọ̀bù sì ṣófo. Gbogbo wọn ti sá dé títì, ọ̀gá ló ṣáájú. Obìnrin náà nìkan ló jókòó tì mí, ó ti gbé áyọ́ọ̀nù jìnnà. Mo ti tọ̀ sára. Ojú tì mí, mo ní kó máa lọ.

"Ibo ni kí n lọ? Iṣẹ́ wà nílẹ̀," ó ní. "Oògùn ọjọ́ mélòó lo fò?"

"Mẹ́rin."

Ó tẹ̀ lé mi lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ Ajé. Dókítà bú mi dáadáa, ó ní kì í ṣe oògùn tí èèyàn ń dédé pa tì. Nígbà tí mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ oorun, ó ní kí n máa lo méjèèjì nígbà tí mo bá fẹ́ sùn. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láti gbogbo ọdún tí mo ti ń lò ó, mi ò béèrè rí bóyá mo lè lò ó lálẹ́.

Ọdún méjì kọjá kí n tó tún ṣubú. Láàárín ìgbà yẹn ni mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń rán kóòtù, tí àwọn òṣìṣẹ́ báńkì ní ìta Tinúbú sì ń béèrè mi. Mo ṣì ń lo oògùn náà. Ó korò, mi ò sì fẹ́ràn rẹ̀, àmọ́ mò ń lò ó.