Yìnyín Tí Bọ̀sẹ̀ Pọ̀n Wọ Iléṣà

Aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, lówùúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi ìkórè ìjọ Màmá Àgbà, nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án. Aago ara ògiri ilé wa ní Òṣogbo ni mo wò, mi ò sì lè sọ bóyá ó máa ń sáré. Ohun tó dá mi lójú ni pé Mọ́mì ti ṣí fírísà, èéfín tútù ń rú jáde, ó sì ń kó omi inú ọ̀rá mẹ́wàá síta, gbogbo wọn ti dì gbagidi.

Iná ò sí ládùúgbò Màmá Àgbà ní Iléṣà láti bí ọ̀sẹ̀ kan. Òun ni ẹgbẹ́ àwọn ìyá gbé sóbò ìkórè lé lọ́wọ́. Lọ́dún tó ṣáájú, sóbò rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́, wọ́n sì fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí Kérésì fi dé: wọ́n ní tíì ló sè. Ó ti ránṣẹ́ sí Mọ́mì pé bó bá tún rí bẹ́ẹ̀, òun ò ní lè jókòó láàárín wọn mọ́.

Kúlà wa ti fọ́. Bọ̀sẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi tó fi ọdún méjì jù mí lọ, fa kúbùsù jáde. Ó ní obìnrin tó ń ta yìnyín ní Alékúwodò máa ń fi àpò bo tirẹ̀.

"Kúbùsù gbóná," mo ní. "Tí mo bá fi bora, mo máa ń làágùn."

"Ṣé yìnyín náà á wá làágùn ni?"

Mọ́mì ní ká má fi ariwo pa òun. Ó pín in fún wa ní márùn-ún-márùn-ún, kí kálukú tọ́jú tirẹ̀ bó ṣe mọ̀ ọ́n ṣe.

Mo ya ọ̀rá kúrò lára tèmi kí afẹ́fẹ́ lè kàn wọ́n, mo kó wọn sínú bàsíà létí fèrèsé mọ́tò, mo sì ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ wọn. Táyà jò lọ́nà. Mi ò dẹwọ́. Bọ̀sẹ̀ gbé ìdì kúbùsù rẹ̀ mọ́ àyà, ó ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún bí ọmọ jòjòló.

"Rọra máa fẹ́ wọn o, Ọ̀jọ̀gbọ́n, kí òtútù má baà mú wọn."

Aago mẹ́sàn-án ti kọjá ká tó dé Iléṣà. Bọ̀sẹ̀ fi ìró Mọ́mì pọn ìdì rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ìyá aládùúgbò kan rí wa, ó ní, "Ẹ kú ọmọ o. Ṣé ara ọmọ le?"

"Ó le, mà," Bọ̀sẹ̀ dáhùn. "Ó kàn tutù díẹ̀ ni."

Mọ́mì rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó sílẹ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín, àfìgbà tí mo wo inú bàsíà. Omi ni. Èyí tó tóbi jù nínú yìnyín tó kù ò tó ìkúùkù mi. Wọ́n tú kúbùsù: ti Bọ̀sẹ̀ márààrún pé, wọ́n le koránkorán.

Màmá Àgbà wo bàsíà, ó wò mí. "Ùwọ lo fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"O kú iṣẹ́."

Ẹ̀rín tún bú. Ṣùgbọ́n yìnyín márùn-ún péré ló kù, ìsìn ò sì ní parí ṣáájú aago kan. Màmá Àgbà dà á sínú ìkòkò sóbò, inú rẹ̀ ò sì dùn mọ́. Ibẹ̀ ni mo ti rí kúbùsù mìíràn tó fi bo ìkòkò ọ̀lẹ̀lẹ̀ gbígbóná.

Kúbùsù ń jẹ́ kí ọ̀lẹ̀lẹ̀ gbóná, ó ń jẹ́ kí yìnyín tutù. Mo rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Á jẹ́ pé kò ní ooru kankan nínú. Ó kàn dí ọ̀nà ni. Ti inú ò rí ọ̀nà jáde, ti ìta ò rí ọ̀nà wọlé. Abẹ̀bẹ̀ mi, ooru ló ń kó lọ bá yìnyín láti Òṣogbo. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fò sókè sódò. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọṣọ fún sóbò."

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kúbùsù Bọ̀sẹ̀ ò yí ìkòkò ká, Màmá Àgbà sì lọ fa aṣọ òfì tó nípọn jù jáde nínú ọjà aṣọ tó ń tà, ó wé e lé e.

Mo ti ka físíìsì ní yunifásítì báyìí. Mo lè ṣírò ooru tó wọ bàsíà yẹn, ṣùgbọ́n màá kọ́kọ́ béèrè tẹmọ́mítà, màá wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó fò. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án yẹn ò dúró wọn nǹkan kan.

Bọ̀sẹ̀ ní àwọn ìyá gbóríyìn fún Màmá Àgbà títí ilẹ̀ fi ṣú. Mi ò sí níbẹ̀. Èyí tí mo mọ̀ ni pé ní aago kan ààbọ̀, ó tú aṣọ òfì, ó bu ife àkọ́kọ́ fún mi, yìnyín kan tó tó ẹyin ẹyẹlé sì ń dún lára ife náà.