Ọdún Tí Mo Kọ Yunifásítì Sílẹ̀ Nítorí Ẹ́ńjìnnì

Òórùn èéfín dísẹ̀lì ló máa ń jí mi nígbà ọyẹ́. Bàbá mi á ti kírun àsùbáà tán, á gun orí ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ tó máa ń wà lẹ́nu ọ̀nà ilé wa ní Òtu, á bẹ̀rẹ̀ sí í yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì náà á wúkọ́, á hanrun, á dákẹ́. Á tún un yí. Nígbà tó bá gbà láti jí, èéfín funfun á bo àgbàlá, á dàpọ̀ mọ́ òórùn ògì gbígbóná tí ìyá mi ń pò lórí ààrò, àwọn ẹ̀gbọ́n mi á sì fi aṣọ ìbora bo imú. Èmi máa ń dìde jókòó lórí ẹní ni. Ó ti mọ́ mi lára láti máa tẹ́tí sí ikọ́ ọkọ̀ náà, kí n máa sọ fún ara mi pé, "Òní le ju àná lọ," tàbí, "Òní á tètè jí."

Bàbá Ráfíù ni gbogbo ìlú ń pe bàbá mi, nítorí Ráfíù ẹ̀gbọ́n mi ni àkọ́bí. Ó ń ra iṣu ní Ògbòòrò, ó ń ra ọkà bàbà ní Àgọ́-Àrẹ, ó sì ń kó wọn lọ sí Ìṣẹ́yìn, nígbà mìíràn títí dé Ìbàdàn. Ó mọ kéwú dáadáa, ṣùgbọ́n kò wọ ilé-ìwé òyìnbó rí. Bóyá ìdí nìyẹn tó fi fẹ́ràn ìbéèrè tó bẹ́ẹ̀. Bí ó bá rí i pé ojú ń ti ọ̀kan nínú wa láti bèèrè nǹkan, á ní, "Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà." Èmi tí mo jẹ́ ọmọ kẹrin, obìnrin kan ṣoṣo lẹ́yìn ọkùnrin mẹ́ta, mo gba ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn ju bí òun fúnra rẹ̀ ti rò lọ.

Mo wà ní ìwé kẹfà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ náà kú sójú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan lọ́nà Àgọ́-Àrẹ, tòun ti ẹrù iṣu àti àwọn obìnrin méje tó jókòó sórí ẹrù. Bíréèkì ò lè dá a dúró. Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀yìn yí bọ̀. Ìyá mi wà lára àwọn tó bẹ́ sílẹ̀. Igi ìrúgbá kan ló gba ọkọ̀ náà dúró. Kò sí ẹni tó kú, ṣùgbọ́n ọrùn ẹsẹ̀ ọ̀tún ìyá mi fọ́, ó sì tiro títí ó fi fi ayé sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé e wálé, gbogbo ẹni tó wá kí wa ló ń sọ pé kádàrá ni, pé ká dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo bá wọn dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé kí ló dé tí ẹ́ńjìnnì fi kú. N ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni bèèrè.

Ọ̀gá Lámídì ni fítà tó ń tún ọkọ̀ náà ṣe. Abẹ́ igi máńgòrò kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà ni ilé iṣẹ́ rẹ̀. Ọkùnrin náà lọ́gbọ́n lọ́wọ́. Ó máa ń fi orí igi kan ti ara ẹ́ńjìnnì, á fi etí lé orí kejì, á sì sọ ohun tó ń ṣe é. Ó mọ̀ pé afẹ́fẹ́ ló ń wọ inú epo tí ọkọ̀ bàbá mi fi ń kú. Á tú ojú ibi tí epo ń gbà, á fi ọwọ́ fa epo títí afẹ́fẹ́ á fi jáde tán, á sì dí i padà. Ọkọ̀ á ṣiṣẹ́ dáadáa fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Lẹ́yìn náà, á tún kú.

Mo ti wọ kíláàsì kejì ní ilé-ẹ̀kọ́ girama nígbà tí mo rí ìwé kan lábẹ́ ìjókòó awakọ̀, tí epo ti rin ín gbingbin. Bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ọkọ̀ náà ló wà nínú rẹ̀, lédè Gẹ̀ẹ́sì. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ra ọkọ̀ ló ti wà níbẹ̀, kò sí ẹni tó lè kà á. Mo gbé e wọlé, mo sì fi gbogbo ìsinmi Iléyá kà á, ìwé ọkọ̀ lọ́wọ́ kan, ìwé atúmọ̀ èdè lọ́wọ́ kejì. Ibẹ̀ ni mo ti kà nípa òrùka bàbà kékeré kan tó wà níbi tí ọ̀pá epo ti wọ asẹ́ epo. Ìwé náà ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń lò ó. Bí wọ́n bá ti tú u, tuntun ni kí wọ́n fi dípò rẹ̀, nítorí àlòkù kì í dí ojú ihò dáadáa mọ́, afẹ́fẹ́ á sì máa gba ibẹ̀ wọlé.

Mo lọ kúnlẹ̀ níwájú Ọ̀gá Lámídì, mo sì túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá fún un. Àwọn awakọ̀ tó jókòó sábẹ́ igi bú sẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín. Ó tú òrùka náà, ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, ó wò ó pẹ́. Kò rántí ìgbà tó pààrọ̀ rẹ̀ rí. Ó ránṣẹ́ sí Ìṣẹ́yìn, wọ́n ra tuntun wá, ó sì fi sí i. Láti ọjọ́ náà, ọkọ̀ bàbá mi ò kú sójú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kankan mọ́.

"Ìwé tìrẹ mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé," Ọ̀gá Lámídì sọ fún mi lọ́jọ́ náà. "Ọwọ́ tèmi mọ ibi tó ń gbà jáde. Ẹni tó bá ní méjèèjì ni ọkọ̀ ń wá."

Bí mo ṣe mọ ohun tí mo fẹ́ fi ayé mi ṣe nìyẹn. Gbogbo ìsinmi, abẹ́ igi máńgòrò ni mo máa ń wà. Ìyá mi kìlọ̀ títí nípa gírísì tó ń ba aṣọ mi jẹ́, ó sú u, ó wá ya aṣọ àtijọ́ kan sọ́tọ̀ fún mi.

Nígbà tí mo dé kíláàsì karùn-ún, Ọ̀gbẹ́ni Adéòtí, ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń kọ́ wa ní físíìsì, gbé ọ̀rọ̀ mi rù bí ẹni gbé ọ̀rọ̀ ọmọ tirẹ̀. Òun ló gba fọ́ọ̀mù yunifásítì fún mi, ó ní ìmọ̀ ẹ̀rọ ni kí n kọ síbẹ̀. Mo kọ ọ́. Ṣùgbọ́n mo tún gba fọ́ọ̀mù kejì láìsọ fún un, ti ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe kan tí mo gbọ́ pé ó ní ẹ̀ka tí wọ́n ti ń kọ́ni ní iṣẹ́ ọkọ̀ nìkan. Lẹ́tà yunifásítì ló kọ́kọ́ dé. Kò tíì sí ọmọbìnrin àdúgbò wa tó gba irú rẹ̀ rí. Àwọn ènìyàn ń yà kí bàbá mi lọ́nà mọ́sálásí. Ọ̀sẹ̀ kejì ni lẹ́tà gbogboǹṣe dé. Mo fi pamọ́ sábẹ́ ẹní fún ọjọ́ mẹ́ta kí n tó mú un jáde.

Bàbá mi kọ́kọ́ ní kò sí ohun tí à ń rò níbẹ̀. Mo ní kó jẹ́ ká lọ fi ojú rí méjèèjì. Mo ní, "Bàbá, ẹ̀yin lẹ máa ń sọ pé abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà." Ó wò mí, ó ní ó dáa, ká lọ.

Yunifásítì la kọ́kọ́ lọ. Bàbá mi wọ agbádá rẹ̀ tó dára jù. Ilé gogoro, koríko tí wọ́n gé gẹ́rẹ́gẹ́, ilé ìkàwé tó tóbi ju ọjà Òtu lọ: ó ń wò wọ́n bí ẹni tó dé Mẹ́kà. Olùkọ́ kan tó níwà tútù gbà wá sí ọ́fíìsì rẹ̀. Mo bi í léèrè pé ẹ́ńjìnnì mélòó ni mo máa tú ní ọdún àkọ́kọ́. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, kò sì fi mí ṣẹ̀sín.

"Ní ọdún àkọ́kọ́, kò sí," ó dáhùn. "Ní ọdún kẹta, ẹ máa rí ọ̀kan tí wọ́n gé sí méjì kí ẹ lè wo inú rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ya ọkọ̀ sórí pépà la ń kọ́ni níbí."

Ní gbogboǹṣe, òrùlé wọ́kìṣọ́ọ̀bù ti ń jò, ilẹ̀ ibẹ̀ sì dúdú fún ọ́ìlì. Ọkùnrin gíga kan tó jẹ́ ọ̀gá ibẹ̀ ń fi èkísà nu ọwọ́ nígbà tí mo bi í ní ìbéèrè kan náà.

"Mẹ́rin," ló wí. "Wàá tú u, wàá tò ó padà. Bí kò bá ṣiṣẹ́, wàá tún un tú."

Inú mi dùn. Àfi bó ṣe yíjú sí bàbá mi, tó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé n ò sí níbẹ̀. Ó ní ọmọbìnrin ò wọ ẹ̀ka náà rí. Ó ní àwọn obìnrin wà níbi iṣẹ́ akọ̀wé àti oúnjẹ sísè, pé kò sí bàtà iṣẹ́ tó máa bá ẹsẹ̀ mi mu, àti pé àpótí gíà wúwo. Bàbá mi, tí kò fẹ́ ibẹ̀ rárá láti àárọ̀, tún apá agbádá rẹ̀ ká.

"Ọmọ yìí ń bá mi kó iṣu láti Ògbòòrò kó tó pé ọmọ ọdún mẹ́wàá," ó wí. "Ṣé àpótí gíà yín wúwo ju àpò ẹ̀lùbọ́ lọ ni?"

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Kò parí. Nínú ọkọ̀ bí a ṣe ń padà bọ̀, ó ní òun kàn gbèjà ọmọ òun ni, òun ò sọ pé kó lọ síbẹ̀. Nígbà tó di Sátidé, Ọ̀gbẹ́ni Adéòtí gun kẹ̀kẹ́ wá sílé wa. Ó bá mi sọ̀rọ̀ pẹ̀lú sùúrù. Ó ní bí mo bá kọ̀wé sí yunifásítì pé n ò wá, ìlẹ̀kùn náà lè má ṣí mọ́, àti pé fítà tó kàwé ni ayé á máa pè mí.

Mo kúnlẹ̀ níbi tí mo wà. Mo ní, "Sà, fítà tó kàwé ni mo fẹ́ jẹ́."

Bàbá mi ní lóòótọ́ ọ̀nà kan ò wọ ọjà, ṣùgbọ́n òun ò rí ẹni tó rí ọ̀nà tó tẹ́jú rí kó wá yà sínú igbó. Ìyá mi ní kí wọ́n jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí ní ibi méjèèjì.

"Ní yunifásítì, wọ́n á kọ́ mi ní ohun tó ń mú ọkọ̀ rìn," mo wí. "Ní ibi kejì, wọ́n á kọ́ mi ní ohun tó ń mú un kú sójú ọ̀nà. Èyí tó ń kú yẹn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ mọ̀."

Kò sí ẹni tó wo ẹsẹ̀ ìyá mi. Bàbá mi dìde, ó gbé kẹ́tùlù rẹ̀ láti lọ ṣe àlùwàlá. Lẹ́nu ọ̀nà ló ti sọ pé, "Fúnra rẹ ni kó o kọ lẹ́tà náà. Èmi ò ní fọwọ́ sí i."

Mo kọ ọ́ fúnra mi. Mo yí àpótí lẹ́tà ká lẹ́ẹ̀mejì kí n tó jù ú sínú rẹ̀, n ò ní purọ́. Bàbá mi ò bá mi sọ̀rọ̀ ju ìkíni lọ fún ọjọ́ mẹ́wàá. Ní ọjọ́ kọkànlá, ó ti Ìṣẹ́yìn dé, ó gbé bàtà aláwọ kan síwájú mi, bàtà ọkùnrin, èyí tó kéré jù tó rí lọ́jà. Ó ní kí n fi òwú dí iwájú rẹ̀ nínú, kí n sì di ẹrù mi, torí ọkọ̀ ń lọ ní ọjọ́ Ajé.

Mo tú ẹ́ńjìnnì mẹ́rin ní ọdún náà. Èyí tó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ mi, mo sunkún lẹ́yìn rẹ̀ níbi tí àwọn ọkùnrin ò ti rí mi. Mo ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń to ọkọ̀, lẹ́yìn náà ní ilé iṣẹ́ ọkọ̀ èrò, níbi tí bọ́ọ̀sì tó lé ní ọgọ́ta wà lábẹ́ àṣẹ mi. Ṣùgbọ́n Ọ̀gbẹ́ni Adéòtí ò parọ́. Mo kọ́ àwọn ọmọkùnrin níṣẹ́, ilé iṣẹ́ sì fi wọ́n ṣe ọ̀gá mi nítorí ìwé ẹ̀rí yunifásítì. Mo ti bímọ méjì nígbà tí mo padà lọ jókòó sí kíláàsì láàárín àwọn ọmọ tí mo lè bí, kí n tó gba ìwé ẹ̀rí náà. Mo pàdé tíṣà mi lẹ́yìn ìgbà náà, ó ti di arúgbó. Ó ní òun ṣì gbà pé mo ṣìnà. Mo sọ fún un pé ìdajì ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ òótọ́. Inú rẹ̀ dùn sí ìdajì náà.

Ní báyìí, àwọn òbí máa ń kó ọmọ wọn wá bá mi pé kí n bá wọn yan ilé-ẹ̀kọ́. Mo máa ń fara balẹ̀ ro gbogbo rẹ̀ fún wọn: ìwé ẹ̀rí, ipò, ọdún tí yóò gbà, ohun tí àwọn agbanisíṣẹ́ ń fẹ́. Ìmọ̀ràn tó dára ni, àgbà ló ń gbani nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Bí ọmọbìnrin Òtu tí mo jẹ́ nígbà náà bá kúnlẹ̀ síwájú mi lónìí, èmi náà á sọ fún un pé kó gba yunifásítì. Á dá mi lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, á dúpẹ́, á sì lọ ju lẹ́tà rẹ̀ pé òun ò wá sínú àpótí. Mo gbọ́n jù ú lọ báyìí. N ò mọ̀ bóyá mo ṣì láyà bíi tirẹ̀.