Ẹsẹ̀ Doña Melin lórí pákó

Láti ọjọ́ Sátidé ni mi ò ti lè jókòó jẹ́ẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Doña Melin fún yín.

Aránṣọ ni. Ọdún kọkànlélọ́gbọ̀n rèé tó ti ń rán aṣọ ilé-ìwé lórí òkè Jayuya níbí, ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ ló sì ń lò. Bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ló ń kọrin sí i: ìtẹ̀ kan, sílébù kan. Tí mẹ́jọ bá pé, á gé òwú. Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń ka sílébù.

Nínú ìdíje orin wa, orí ìtàgé ni wọ́n ti ń fún èèyàn ní ìlà tó kẹ́yìn. Onítọ̀hún á dá ìlà mẹ́sàn-án lójú ẹsẹ̀ láti fi pàdé rẹ̀, sílébù mẹ́jọ mẹ́jọ. Ẹni tó bá ka ìka lójú èrò, ó gbé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Doña Melin ti kà á. Èrò ń bi í bíi pé ẹyin ló ń kà: “Ìyá, ẹyin mélòó ló kù nínú agbọ̀n?” Ó ní tí wọ́n bá tún fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́tẹ̀ yìí, òun ò gun ibẹ̀ mọ́ láyé.

Lọ́jọ́ Sátidé náà, Wiso onígìtá ka ìlà rẹ̀ síta: “Hoy me toca janguear.” Lónìí, èmi náà á jáde ṣe fàájì. Èrò rẹ́rìn-ín. Janguear kẹ̀, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ìgboro! Lójú títì, gbígbé la ń gbé e mì, jan-guiar, méjì péré. Ìlà á kúrú. Àfi kí Doña Melin gé e sí mẹ́ta, jan, gue, ar, kó tẹ ohùn mọ́ ar. Méje nìyẹn, ṣùgbọ́n ìlà tó bá fi ohùn wúwo parí, ẹ̀bùn sílébù kan ń bẹ fún un, ó di mẹ́jọ.

Lórí ìtàgé, ìka rẹ̀ ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yẹ̀rì.

“Agbọ̀n ti dé o,” ẹnìkan wí láàárín èrò.

Doña Melin kó ọwọ́ sẹ́yìn. Orin gìtá yípo lẹ́ẹ̀kan, ó yípo lẹ́ẹ̀kejì, kò tíì gbé orin.

“Doña, ṣé kí n pe ẹlòmíì ni?”

“Fara balẹ̀, Wiso. Bàtà ló ń dí mi lọ́wọ́.”

Ó bọ́ ti ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó gbé àtẹ́lẹsẹ̀ lé pákó ìtàgé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń tẹ ẹ̀rọ. Pákó ń dún. Gìtá sáré tẹ̀ lé ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó kọrin sísọ́ọ̀sì tó dípẹtà, ó kọrin àwọn ọmọ tó rán aṣọ fún tí wọ́n ti ń mú ọmọ tiwọn wá, ó ní kí ẹ̀rọ dúró sílé. Èmi náà ti ń tẹ ilẹ̀.

Ó wá kan ìlà Wiso: Hoy, me, to, ca, jan, gue. Ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró lófuurufú. Ar. Ó balẹ̀ gbì. Nínú àyè ẹlẹ́ẹ̀kẹjọ tó ṣófo, ìka rẹ̀ méjì gé òwú tí kò sí níbẹ̀.

Kò sẹ́ni tó dárúkọ ẹyin. Ipò kẹta ló gbà.

“Doña, ẹ gbàgbé bàtà yín,” Wiso wí.

“Bá mi tọ́jú ẹ̀. Lọ́dún tó ń bọ̀, méjèèjì ni mo máa bọ́.”