Àdúrà Tó Wà Nínú Kọ̀ǹpútà Bàbá Mi

Iṣẹ́ olùkọ́ ni bàbá mi ṣe ní Ayétòrò títí ó fi fẹ̀yìn tì, ohùn rẹ̀ ni ó sì fi jẹun. Tí ó bá pe ọmọ kan nínú kíláàsì, ẹni tí ń kọjá lọ lójú títì á dáhùn. Ohùn yẹn ni àìsàn ọ̀nà ọ̀fun wá mú lọ. Àwọn dókítà gé ohun tó hù sí i lọ́fun, ẹ̀mí rẹ̀ dúró, ṣùgbọ́n ohùn ò bá a padà sílé. Gbogbo ẹni tó wá kí wa ló ń ní ká dúpẹ́. A dúpẹ́. Inú sì ń bí mi lẹ́yìn ọpẹ́ náà, mi ò ní purọ́.

Ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n kí àìsàn náà tó dé, ohun tó bá fi bírò kọ kò yàtọ̀ sí ibi tí adìyẹ ti tú ilẹ̀. Èmi ni mo wá sọ pé kí a ra kọ̀ǹpútà alágbèéká fún un, kí ó máa fi ìka kan tẹ ọ̀rọ̀, kí ẹ̀rọ náà máa bá a kà á síta. Lọ́dọ̀ wa níbí, ẹni tó bá fẹ́ ra irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní pọ́ọ́kú kì í lọ sí Èkó. Bodè ni a máa ń wò. Ọ̀dọ̀ àwọn tí ń kó ẹrù wọlé láti Kùtọnu ni mo ti rà á, ó mọ́, ó ń dán, mo sì gbé e wálé bí ẹni gbé ọmọ tuntun.

Nígbà tí a tàn án, Faransé ló bẹ̀rẹ̀ sí í sọ. Lẹ́tà A kò sí níbi tó yẹ kó wà. Bàbá mi fara balẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ pé, “Ẹ káàárọ̀, ìyá àwọn ọmọ.” Ẹ̀rọ náà gba imú ka ọ̀rọ̀ yìí bí àwọn agbófinró òdìkejì bodè ṣe ń béèrè ìwé lọ́wọ́ èèyàn. Màmá mi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Bàbá náà rẹ́rìn-ín. Èjìká rẹ̀ ń mì, ẹnu rẹ̀ ṣí, a ò gbọ́ nǹkan kan. Mo jáde lọ sí ẹ̀yìnkùlé, mo sì sunkún mi tẹ́rùn.

Àbúrò mi ọkùnrin ni ó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ìlárò. Ó dé ní ọjọ́ Sátidé, ó wò ó, ó sì mi orí.

“Ẹ̀gbọ́n, Windows tí ẹ rà yìí, oyè oyè ni wọ́n fi ń tà á. Starter wà, Home wà, Professional wà, Ultimate sì ni olórí gbogbo wọn. Ilé kan náà ni gbogbo wọn. Iye yàrá tí ẹ bá sanwó fún ni wọ́n á fún yín ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Èdè kan péré ni wọ́n ṣí fún èyí tó wà nínú tiyín.”

“Ṣé a ò lè fi Yorùbá sí i ni?”

“Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, ẹ ò lè fi sí i.”

Ó ní òun á yọ ọ́ kúrò, òun á fi Linux sí i, ètò mìíràn tó ń mú kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ bíi ti Windows. Ó ní wọn kì í ta ìyẹn, ọ̀fẹ́ ni, àwọn tó ṣe é ò sì fi bí wọ́n ṣe ṣe é pamọ́. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lè tú u, kó tún un tò, kó sì fún ẹlòmíràn. Mo ní, “Ọ̀fẹ́? Kí ló ń ṣe é?” Ó ní kò sí ohun tó ń ṣe é.

Irọ́ ni. Ìyẹn náà ní ẹ̀yà tirẹ̀, ẹ̀yà ọ̀hún sì pọ̀ ju ọ̀nà oko lọ, nítorí gbogbo ẹni tó bá ti tún un tò ló ń fún tirẹ̀ lórúkọ. Èyí tí àbúrò mi kọ́kọ́ fi sí i wúwo jù, kọ̀ǹpútà náà ń mí gúlegúle. Èyí tó tẹ̀ lé e kò gbé ohùn jáde rárá. A pààrọ̀ wọn títí a fi rí èyí tó bá ara ẹ̀rọ náà mu. Ṣùgbọ́n nígbà tí a rí i, ilẹ̀kùn kankan ò tì nínú rẹ̀. Ètò tó ń kàwé síta wà níbẹ̀, àbúrò mi sì ní òun lè yọ ohùn òyìnbó inú rẹ̀ kúrò, kí òun fi ohùn èèyàn gidi sí i, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ohùn tirẹ̀.

Ìgbéyàwó mi ti sún mọ́lé nígbà náà. Ìdí rẹ̀ gan-an nìyí tí ọ̀rọ̀ ohùn yìí fi ń jẹ mí lọ́kàn. Nílé wa, ọmọbìnrin kì í jáde lọ sílé ọkọ láìkúnlẹ̀ fún bàbá rẹ̀. Bàbá á gbé ọwọ́ lé e lórí, á wúre fún un, ilé á sì ṣe àmín. Mo ti rí i tí wọ́n ṣe é fún àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, láti kékeré ni mo sì ti ń retí tèmi. Mo fẹ́ gbọ́ ohun tí bàbá mi máa sọ nípa mi.

Ohùn àbúrò mi jọ ohùn tí Bàbá ní tẹ́lẹ̀, débi pé wọ́n máa ń ṣì wọ́n pè lórí fóònù. Ohùn rẹ̀ ló yẹ ká lò. Wàhálà ibẹ̀ ni pé àbúrò kì í súre fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bàbá mi ronú sí i, ó sì rí ọgbọ́n dá. Á máa tẹ ọ̀rọ̀ ẹyọ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kò ní tò ó, àbúrò mi á sì máa kà á sínú ẹ̀rọ. Ó da ọ̀rọ̀ tó fẹ́ lò pọ̀ mọ́ èyí tí kò fẹ́ lò, kí ọmọ náà má baà mọ ohun tí àdúrà ń sọ. Lẹ́yìn tí ó bá lọ, Bàbá á wá jókòó, á fúnra rẹ̀ tò wọ́n. Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é ní gbogbo Sátidé, nínú pálọ̀. Tí mo bá wọlé, wọ́n á dákẹ́, Bàbá á sì na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn fún mi.

Àbúrò mi fẹ́ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ pamọ́ sí Ìlárò. Bàbá kọ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ síta fún un pé, “Àdúrà ọmọ mi kì í gbé ilé méjì.”

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí a ń pè ní Bàbá Ọjà-Ọ̀dàn, ń ta gàárì àti àgbàdo. Ọ̀làwọ́ èèyàn ni, kò sì fẹ́ràn nǹkan tí kò ní iye lórí. Nígbà tí ó wá wò wá, tí ó gbọ́ pé ohun tí ẹnikẹ́ni ò tà ló wà nínú kọ̀ǹpútà náà, ojú rẹ̀ kọ́rẹ́.

“Ọ̀fẹ́ ni ẹ fẹ́ fi súre fún ọmọ wa? Ṣé a ti tálákà tó bẹ́ẹ̀ ni?”

A rẹ́rìn-ín, a rò pé ó ti parí. Nígbà tí ìgbéyàwó ku ọ̀la, ó padà wá. Mo wà níbi tí mo ti ń dirun, àbúrò mi wà ní Ìlárò, Bàbá ń sùn. Ó sọ fún Màmá pé òun fẹ́ lọ bá wọn tún kọ̀ǹpútà náà ṣe fún ọjọ́ ńlá, Màmá sì gbé e fún un. Ta ni kò ní gbé e fún un? Ó gbé e lọ bá oníṣẹ́ kan, ó ní kí wọ́n fi èyí tó ga jù lọ sí i, èyí tó ń gba oríṣiríṣi èdè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ìfẹ́. Àwọn oníṣẹ́ wa kì í sì í bi èèyàn bóyá nǹkan wà nínú ẹ̀rọ. Wọ́n á kọ́kọ́ nu gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ kúrò tónítóní ná. Fọ́ọ̀mátì ni ìkíni tiwọn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó, ó gbé e wọlé, ó fi aṣọ tuntun wé e.

“Ultimate ni! Kò sí èyí tó ju èyí lọ!”

Bàbá mi ṣí i. Ó wá ọ̀tún, ó wá òsì. Ó wo àbúrò mi. Ìyẹn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́, ó tún un tẹ̀, lẹ́yìn náà ó nàró, kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Bàbá Ọjà-Ọ̀dàn ṣì ń rẹ́rìn-ín. “Ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀ ká gbọ́ ná.” Nígbà tí kò rí ẹni tó bá a rẹ́rìn-ín, ó bi wá ohun tí òun ṣe. Àbúrò mi sọ fún un. Àgbàlagbà náà jókòó sórí àga, ó ṣí fìlà lórí, ó sì gbé e lé orókún.

Mo kúnlẹ̀. Wọ́n ní kí Bàbá Ọjà-Ọ̀dàn bá wọn wúre, òun ló dàgbà jù. Kí ó tó dìde ni bàbá mi na ọwọ́ sókè, ó mi orí pé rárá. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé mi lórí, ẹnu rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Èémí nìkan ni mo gbọ́. Ó pẹ́ gan-an. Àwọn èèyàn ò mọ ibi tó yẹ kí wọ́n ti ṣe àmín, ẹnì kan á ṣe é, ẹlòmíràn á sì tẹ̀ lé e pẹ̀lú ìtìjú. Ìgbà tí ọwọ́ kúrò lórí mi ni mo tó mọ̀ pé ó ti parí.

Mo padà wá bẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn náà pé kí ó tẹ̀ ẹ́ fún mi. Ó tẹ̀ ẹ́ pé, “Mo ti gba àdúrà náà.” Mo bínú sí i lọ́jọ́ náà, mo ní ṣé èmi ò wá ní í gbọ́ ni? Ó fọwọ́ pa mí lẹ́rẹ̀kẹ́. Kí òjò ọdún náà tó dá, ó kú. Bàbá Ọjà-Ọ̀dàn ló ra pósí, èyí tó wọ́n jù lọ, kò sì sẹ́ni tó bá a jiyàn. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Nígbà mìíràn mi ò lè wo ojú rẹ̀.

Láìpẹ́ yìí ni mo ní kí àbúrò mi sọ àwọn ọ̀rọ̀ tó bá rántí fún mi. Kò rántí púpọ̀. Ó ní omi wà níbẹ̀, ìloro wà níbẹ̀, ó ní òun ka ojúmọ́, òun ka iyọ̀, òun ka rẹ́rìn-ín, òun ka sùúrù, òun sì ka orúkọ mi. Mo máa ń tò wọ́n tí mo bá ń gbálẹ̀ láàárọ̀. Mo mọ̀ pé ẹ̀tàn ni Bàbá fi àwọn kan ṣe nínú wọn. Nítorí mi ò mọ èyí tó jẹ́ tèmi, gbogbo wọn ni mo ń ṣe àmín sí.