Ìràwọ̀ Tí Wọ́n Sá Tẹ̀lé ní Ìsundunrin

Wàlíyátù Sàlàkọ́ ti lo ọdún mọ́kàndínlógún nídìí iṣẹ́ olùkọ́, kò sì sí ọmọ kan tí ó lè sọ pé Àǹtí Wàlíyátù fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ rí nítorí pé òun dáhùn ìbéèrè lódì. Ẹni tí ó bá mọ ìtàn rẹ̀ mọ ohun tí ó fà á.

Àbíjàn ni wọ́n bí i sí. Ìyá rẹ̀, Àlàájà Bàrákátù, ń ta aṣọ níbẹ̀, bàbá rẹ̀ sì ń tún fáànù ṣe lẹ́bàá ọjà. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni nígbà tí wọ́n kó padà wá sí Ẹ̀jìgbò. Faransé yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, Yorùbá rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ já gaara, Gẹ̀ẹ́sì kò tilẹ̀ sí níbẹ̀ rárá. Wọ́n bá fi í sí kíláàsì kẹta, láàárín àwọn ọmọ tí ó fi ọdún mẹ́ta jù. Bí olùkọ́ bá pe orúkọ rẹ̀, “Wíì” ni ó fi ń jẹ́ ẹ, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń sọ “bẹ́ẹ̀ ni” lédè Faransé lọ́hùn-ún, gbogbo kíláàsì á sì bú sẹ́rìn-ín. Kí oṣù kan tó pé, Wíì ti di orúkọ rẹ̀.

Ọjọ́ tí ẹ̀rín náà dáwọ́ dúró ni ọjọ́ tí olùkọ́ sáyẹ́ǹsì bi wọ́n bí iná ṣe ń ti inú bátìrì dé inú gílóòbù tọ́ọ̀ṣì. Wàlíyátù kò ní ọ̀rọ̀ tí yóò fi ṣàlàyé, ṣùgbọ́n ó dìde, ó gba ṣọ́ọ̀kì, ó ya bátìrì, ó ya wáyà kan tí ó lọ, ó ya òmíràn tí ó bọ̀, ó sì padà lọ jókòó. Olùkọ́ náà ní kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ibẹ̀ ni ó ti mú sáyẹ́ǹsì ní ọ̀rẹ́, òun ni ó sì bá lọ títí ó fi jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́.

Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìsundunrin ni ó wà báyìí, kíláàsì karùn-ún ni ó ń kọ́. Láràárọ̀ ni ó ń gun ọ̀kadà lọ síbẹ̀ láti Ẹ̀jìgbò. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá ọdún tó kọjá, ọ̀gá àgbà ilé-ìwé náà, Ọ̀gbẹ́ni Caleb Ajíbádé, pe gbogbo olùkọ́ jọ. Ó ní ní ọjọ́ tí wọn yóò parí sáà, àwọn òbí yóò wá wo iṣẹ́ Kérésìmesì tí kíláàsì kọ̀ọ̀kan bá ṣe. Ó ti kọ ti kíláàsì karùn-ún sílẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó kàn wọ́n: káàdì ni wọ́n máa ń kùn lọ́dọọdún.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà,” ni Wàlíyátù wí, “tọdún yìí, a fẹ́ ṣe ìràwọ̀ tí ó ń tanná.”

“Iná wo? Ẹ ṣáà mọ̀ pé ó ti tó oṣù mẹ́ta tí a ti rí iná gbẹ̀yìn.”

“Ọyẹ́ ti dé, sà. Afẹ́fẹ́ ni yóò tan án.”

Ọ̀gá àgbà bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún. “Ìyáàfin Sàlàkọ́, ṣé yóò ṣiṣẹ́? Ẹnì kan ń bọ̀ láti ọ́fíìsì ẹ̀kọ́.”

“Bí kò bá ṣiṣẹ́, sà, àwọn ọmọ á wádìí ohun tí kò jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́. Ẹ̀kọ́ ni ìyẹn náà.”

“Ẹ̀kọ́ ni lóòótọ́,” ni ọ̀gá àgbà dáhùn. “Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́.”

Wàlíyátù gba ọ̀dọ̀ Àyànníyì tí ń tún rédíò ṣe ní Ẹ̀jìgbò lọ. Àyànníyì tú rédíò kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ kan tí ẹni tí ó ni ín ti pa tì, ó yọ ẹ́ńjìnnì kékeré tí ó máa ń yí kásẹ́ẹ̀tì, irú èyí tí ń yí fáànù, ó sì fún un. Nígbà tí ó gbé e dé kíláàsì, ó kọ́kọ́ bi àwọn ọmọ léèrè.

“Bí fáànù bá jẹ iná, kí ni ó ń fún wa?”

“Afẹ́fẹ́,” ni gbogbo wọn dáhùn.

“Tí a bá wá fún fáànù ní afẹ́fẹ́ jẹ ńkọ́?”

Ọmọbìnrin kan tí ń jẹ́ Ooreọ̀fẹ́, tí kì í sábà sọ̀rọ̀, nawọ́ sókè. “Á bi iná, Àǹtí. Bí ẹni tí ó jẹ àjẹjù.”

Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Wàlíyátù dúró kí ẹ̀rín náà tán. “Òótọ́ ni Ooreọ̀fẹ́ sọ,” ni ó wí. “Iná ni yóò bì. Ẹ jẹ́ ká lọ fún un ní afẹ́fẹ́ jẹ.”

Abẹ̀bẹ̀ tí afẹ́fẹ́ yóò máa yí ni ó mú ṣe nílé. Ike omi ni ó ń gé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nígbà tí Àlàájà Bàrákátù jókòó tì í.

“Ìràwọ̀ Kérésì ni ìwọ náà ń ṣe, Wàlíyátù?”

“Ti àwọn ọmọ mi ni, Màmá. Àwọn kan ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn kan ń lọ sí ilé-kéú. Wáyà kan náà ni gbogbo wọn ń so.”

“Èmi ò wí nǹkan kan. Dúsímáà ni mo fẹ́ kí o ṣe, abẹ yẹn mú.” Dúsímáà ni wọ́n máa ń wí ní Àbíjàn fún ẹni tí ó yẹ kí ó rọra, ẹnu Àlàájà kò sì tíì fi í sílẹ̀. Nígbà tí ó yá, òun fúnra rẹ̀ bá a di ike náà mú.

Ní ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ dán an wò, kò tan. Wàlíyátù kò fọwọ́ kàn án. Ó ní kí wọ́n kọ gbogbo ohun tí ó lè fà á sí pátákó. Ẹnì kan ní wáyà já. Wọ́n tẹ̀ lé e títí dé ìdí, kò já. Ooreọ̀fẹ́ wo gílóòbù kékeré tí wọ́n yọ nínú tọ́ọ̀ṣì kan dáadáa, irú èyí tí kì í tan bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá pòdì, ó rí i pé ẹsẹ̀ rẹ̀ méjì kò gùn dọ́gba, ó sì bi Àǹtí bóyá ẹsẹ̀ ọ̀tún ni wọ́n wọ̀ sí tòsì. Wọ́n yí i padà. Ó ṣẹ́jú rẹ́ńrẹ́ń, ó kú.

Ó gbà wọ́n ní ọjọ́ mẹ́ta gbáko kí wọ́n tó mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì náà kò yára tó. Ìdérí agolo ni ó yanjú rẹ̀. Wọ́n fi ìdérí ńlá sí ìdí abẹ̀bẹ̀, wọ́n fi ìlẹ̀kẹ̀ kékeré sí orí ẹ́ńjìnnì, wọ́n sì fi rọ́bà so méjèèjì pọ̀. Bí ńlá bá yí lẹ́ẹ̀kan, kékeré á ti yí lọ́pọ̀ ìgbà. Wọ́n gbé e síta sínú ọyẹ́, gílóòbù náà sì pọ́n wẹ̀ẹ̀ láìṣẹ́jú mọ́. Wọ́n kàn dúró tì í, wọ́n ń wò ó.

Nítorí pé ojúmọmọ ni àwọn òbí yóò wá, wọ́n fi èédú kun inú páálí kan dúdú, wọ́n so ìràwọ̀ onípépà pupa mọ́ inú rẹ̀ pẹ̀lú gílóòbù náà, wọ́n ṣí ẹ̀gbẹ́ kan sílẹ̀. Abẹ̀bẹ̀ wà níwájú, ìràwọ̀ wà lẹ́yìn, gbogbo rẹ̀ sì wà lórí ọ̀pá gígùn kan.

Ọjọ́ pé. Àwọn òbí kún abẹ́ igi máńgòrò, obìnrin kan láti ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀gá àgbà. Kíláàsì kẹrin fi ewé ọ̀pẹ ṣe ibùjẹ ẹran, wọ́n sì yìn wọ́n. Ó kan kíláàsì karùn-ún. Wàlíyátù rí i pé ewé máńgòrò kan kò mì. Afẹ́fẹ́ tí ó ti ń fẹ́ láti ọ̀sẹ̀ méjì ti lọ jókòó síbìkan. Hàlímàt, ọmọ tí ó ga jù nínú wọn, gbé ọ̀pá náà sókè, abẹ̀bẹ̀ náà sì dúró gbagidi.

Àwọn òbí kan bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Lójú Wàlíyátù, ó dà bíi pé ó tún di ọmọ ọdún mọ́kànlá tí gbogbo kíláàsì ń fi rẹ́rìn-ín. Ó fẹ́ ṣí ẹnu bẹ àwọn èèyàn nígbà tí Ooreọ̀fẹ́ fa aṣọ rẹ̀.

“Àǹtí, ṣé dandan ni kí afẹ́fẹ́ wá bá a ni? Ṣé àwa ò lè lọ bá afẹ́fẹ́?”

Wàlíyátù wò ó, ọ̀rọ̀ náà sì yé e. “Hàlímàt,” ni ó wí, “máa sáré.”

Hàlímàt sáré. Ó gbé ọ̀pá sókè orí, ó kọjú sí òpin pápá, abẹ̀bẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí, ó ń hó. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ni ìràwọ̀ kọjú sí, ẹni tí ó bá jókòó sójú kan kò lè rí i pẹ́. Àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún ni wọ́n kọ́kọ́ sá tẹ̀lé e, wọ́n ń pe àwọn yòókù pé kí wọ́n wá wò ó. Àwọn ìyá dìde, wọ́n ká ìró sókè. Nígbà tí Hàlímàt fi máa yí pápá ká, gbogbo abẹ́ máńgòrò ti dà sẹ́yìn rẹ̀, obìnrin ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ gbé bàtà rẹ̀ lọ́wọ́, ọ̀gá àgbà náà sì ń sáré tòun ti kóòtù lọ́rùn. Nínú páálí dúdú náà, ìràwọ̀ pupa ń tàn ketekete.

“Bí àwọn amòye ṣe ṣe é nìyí,” ni ìyá Ooreọ̀fẹ́ wí, bí ó ti ń mí hẹlẹhẹlẹ. “Ràkúnmí nìkan ni a ò ní.”

Hàlímàt yípo lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ó tó rẹ̀ ẹ́. Obìnrin ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ náà kò bi Wàlíyátù ní nǹkan kan. Àwọn ọmọ ni ó ń bi, wọ́n sì ń já ọ̀rọ̀ náà gbà mọ́ ara wọn lẹ́nu, ìdérí agolo, rọ́bà, ẹsẹ̀ gílóòbù, gbogbo rẹ̀. Wàlíyátù dúró lọ́ọ̀ọ́kán, ó ká apá mọ́ àyà.

Kí wọ́n tó túká, ọ̀gá àgbà, tí òógùn ṣì ń bò lójú, sọ fún un pé bí wọ́n bá wọlé ní oṣù Kìíní, kí ó gba wákàtí tí ó kẹ́yìn ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì fún irú iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì yìí, kí kíláàsì kẹrin àti kẹfà náà máa wá jókòó tì í.

Ní ọjọ́ Kérésì, òun àti Àlàájà Bàrákátù lọ jẹ ìrẹsì ní ilé àwọn Ooreọ̀fẹ́. Àlàájà ní ẹran náà jinná dáadáa, ó sì bu ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ooreọ̀fẹ́ gbé àga tirẹ̀ sún mọ́ Wàlíyátù. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá odò tí ó wà lẹ́yìn oko wọn lè yí abẹ̀bẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí omi kì í sinmi bí afẹ́fẹ́. Wàlíyátù gbé àwo ìrẹsì rẹ̀ sílẹ̀, ó ní kí ó lọ mú pépà àti pẹ́ńsù wá.