Yìnyín Àríwá Ayé àti Ilẹ̀ Wa ní Gonzagueville

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń pe etí òkun ní ibi ìgbafẹ́, nígbà tí mo wà ní kékeré ní Abidjan, ẹ̀rù òkun ni kì í jẹ́ kí ìyá mi sùn. Jórinjórin ni bàbá mi, ó ń ṣe géètì fún àwọn olówó Biétry, yàrá kan ṣoṣo la sì háyà ní Treichville. Ogun ti da ìlú rú. Wọ́n ń béèrè ìwé lọ́wọ́ àwa àlejò lójú títì, ẹni tó bá sì ra ilẹ̀ lónìí, ẹlòmíràn lè dìde lọ́la pé ti bàbá òun ni. Bàbá mi bá lọ ra ilẹ̀ létí òkun ní Gonzagueville. Ó ní ta ni yóò bá òun du yanrìn.

Ìpìlẹ̀ ti jáde, bàbá mi sì ti ri géètì mọ́lẹ̀, nígbà tí a gbọ́ ìròyìn kan lórí rédíò. Wọ́n ní yìnyín tó bo òkun ní ìpẹ̀kun àríwá ayé ń yọ́, àwọn ìjọba ńlá sì ti ń du epo àti ọ̀nà ọkọ̀ tó wà níbẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ ti ri àsíá rẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ òkun. Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní àṣé àwọn òyìnbó náà ń jà sí ilẹ̀. Ìyá mi kò rẹ́rìn-ín. Ó ti gbọ́ ìparí ìròyìn náà, pé yìnyín orí ilẹ̀ ibẹ̀ ń yọ́ sínú òkun, òkun sì ń ga sí i káàkiri ayé.

"Bàbá ọmọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá chantier yẹn, ilé tí ẹ ń kọ́ yẹn, dúró ná. La mer, òkun, ń bọ̀."

"Láti àríwá ayé? C'est loin, ó jìnnà, ìyá ọmọ mi."

Ilé wa gbóná láti ọjọ́ náà. Ìyá mi ní òun kò ní kó ọmọ òun lọ síbẹ̀, bàbá mi ní òun kò ní kú sínú ilé onílé.

Ní ọdún kejì, òkun ru. Ọjọ́ Sunday ni, a ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé ibẹ̀. Ìgbì ń wọ inú pálọ̀ tí a kò tíì kọ́ tán, ó ń fa búlọ́ọ̀kù lọ. Bàbá mi sáré lọ di géètì rẹ̀ mú, omi sì mù ún dé àyà. Mo rò pé mo ti di ọmọ aláìníbaba. Ìyá mi bọ́ sómi tòun taṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó gbá ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ mú.

"Ẹ fi sílẹ̀," ó ní. "Ẹ̀yin ni mo fẹ́."

Bàbá mi fi géètì náà sílẹ̀. Títí di òní, ìyá mi kò sọ fún un rí pé òun ti kìlọ̀ fún un tẹ́lẹ̀.

N kò ní yìnyín nìkan ló jẹ ilẹ̀ wa o. Òkun ibẹ̀ ti ń jẹ ilẹ̀ tipẹ́, àwọn èèyàn pẹ̀lú sì ń wa yanrìn rẹ̀ kó lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tiwa, tí ìròyìn bá ti ọ̀nà jíjìn wá, a ó rẹ́rìn-ín, a ó sì jẹun wa. Ayé ti yí. Lónìí, tí ẹnikẹ́ni nínú yín bá sọ fún mi pé nǹkan kan jìnnà, ibi tí ẹ dúró sí ni mo kọ́kọ́ máa ń wò, bóyá omi ti ń dé ẹsẹ̀ yín.